Ilé Aláwọ̀ Ewé Lẹ́yìn Ojú Irin

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn ilé yẹn ní Ṣábẹ̀ẹ́,
ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ojú irin,
níbi tí koríko ti bo ọ̀nà ọkọ̀ tí kò wá mọ́.
Wọ́n kọ Faransé gàdàgbà sára pátákó rẹ̀.
Ewúrẹ́ kan a máa sùn sábẹ́ pátákó náà.
Ewúrẹ́ kò mọ̀wé. Àwa náà kò kà á.

Nísàlẹ̀ òkè, níbi tí àpáta méjì ti yọ bí ọmú ìyá àgbà,
Bọ̀nà ń pọn ọmọ ọdún méje.
Ọmọ ọdún méje kúrò ní ẹrù ẹ̀yìn:
ẹsẹ̀ Ṣàbí ń wọ́ eruku lẹ́yìn ìyá rẹ̀,
ẹsẹ̀ tí kò tíì gbé e dúró rí.
Àwọn kan ní, "Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."
Àwọn kan kò fọhùn, wọ́n kàn gbójú kúrò.
Mo wà nínú àwọn tó gbójú kúrò.
Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́la.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fọ́ kajú.
Lọ́jọ́ ìpàdé kan Bọ̀nà kò wá san àjọ rẹ̀,
igba fáráǹkì péré.
Ìyá Wọ̀rú ní ká bu ìtanràn lé e.
Abọ́sẹ̀dé ní, "Ṣé a ti bi í léèrè ohun tó ṣe é?"
Ìbéèrè kékeré,
bí ẹni fa okùn kànga tó rò pé garawa ṣófo,
tí apá rẹ̀ wá ń gbọ̀n.

Abọ́sẹ̀dé bi Bíyàú tó ń fi alùpùpù gbé èrò lọ sí Kábùwà.
Bíyàú ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ kẹ̀?
Nọ́ọ̀sì kan wà tí mo máa ń gbé lọ sẹ́yìn ojú irin ní Ọjọ́bọ̀,
Fọ̀n ló ń sọ, a kì í gbọ́ ara wa,
ṣùgbọ́n ìgbànú aláwọ ló máa ń kún àpò rẹ̀, àti bàtà onírin
tó kéré bí bàtà ọmọ ọwọ́."
Aya katikíìsì bá wa ka fọ́ọ̀mù.
Àfáà Múmúní jẹ́rìí sí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ,
torí òun ló sọ ọ́ lórúkọ, òjò sì ń rọ̀.
Òǹtẹ̀ mẹ́rì ló kù.
Òǹtẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.
A jókòó sójúde wọn títí akọ̀wé wọn fi mọ orúkọ wa.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn Bíyàú kò gbowó.
Ṣàbí wà láàrin òun àti ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí atẹ́gùn.
Ewúrẹ́ dìde fún wa.
Nọ́ọ̀sì fọwọ́ ba orúnkún ọmọ náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń yẹ iṣu wò kó tó náwó.
Aya katikíìsì túmọ̀ rẹ̀ fún wa:
ó ní kò níí sáré.
Ó ní yóò dúró.
Bọ̀nà ní kó tún un sọ.

Ẹ̀yìn ìwé owó mi ti kún báyìí:
ojú Bàbá Adéòtí tó ń ṣú,
ọmọge Ìdí-Ẹmi tí kì í sùn lóru,
ta ló mọ ẹni tó mọ ẹni tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́.
Mo ṣì máa ń ṣi orúkọ kọ. Orúkọ méjì ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bọ̀nà san igba fáráǹkì, ó san ìtanràn pẹ̀lú.
A rò pé Ìyá Wọ̀rú kò ní gbà á.
Ó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ra ọ̀dà.
Lábẹ́ Faransé, ó ní kí n kọ ọ́ kó tóbi:
ẸSẸ̀ ÀTI EEGUN. ỌJỌ́BỌ̀. Ẹ WỌLÉ.
Ṣàbí di ògiri mú, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.
Ewúrẹ́ ṣì ń sùn síbẹ̀.
A ní kó sún díẹ̀.